Oríkèé Ara Wa: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tẹ̀ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Nà

 

Lọ́jọ́ Iléyá, nígbà tí wọ́n bá ti bó awọ àgbò tán, ẹ wo ọwọ́ ẹni tí ń kun ẹran dáadáa. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà a máa fi àdá gbá eegun, a máa làágùn, eegun a sì máa fọ́ sínú ẹran. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ẹran kun kì í bá eegun jà rárá. Á di itan àgbò náà mú, á mì ín díẹ̀, á fi àtàǹpàkò wá ibì kan, á ti ẹnu ọ̀bẹ bọ ibẹ̀, itan á sì já sí i lọ́wọ́ láìsí ariwo. Ibi tí ọ̀bẹ rẹ̀ gbà wọlé yẹn ni oríkèé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná ti rí inú oríkèé tó ìgbà tí ẹ kò lè kà, bóyá ẹ kò kàn kíyè sí i ni. Nígbà mìíràn tí ẹ bá ń gé adìẹ, ẹ má ṣe yára sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ìkòkò. Ẹ ṣẹ́ ẹ níbi orúnkún, kí ẹ sì wo orí eegun méjèèjì. Ẹ óò rí i pé nǹkan funfun kan bò ó, ó ń dán, ó jọ̀lọ̀ bí abọ́ tánganran. Kèrékèré nìyẹn, èyí tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti máa họ jẹ. Ẹ fi ìka kàn án, yóò máa yọ̀, nítorí omi kan wà níbẹ̀ tó ki díẹ̀, tó dà bí funfun ẹyin. Ẹ óò tún rí okùn funfun tó le, tó so eegun kan mọ́ èkejì, tí eyín kò lè tètè já. Bí ti adìẹ ti rí, tí ti àgbò ti rí, orúnkún ẹni tó ń gé e náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí ni ìyá kan ní àdúgbò wa, tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Orúnkún ń dùn ún. Ẹnìkan sì gbà á nímọ̀ràn pé orúnkún dà bí bàtà, pé bí a bá ti ń lò ó ni yóò máa jẹ, nítorí náà kí ó jókòó kí ó má baà lò ó tán. Ìyá gbọ́, ó jókòó. Ọmọ ń bu omi fún un, ọmọ ń gbé oúnjẹ wá bá a. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí ó fẹ́ dìde lọ síbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbà á dúró mọ́. Ẹni tó fún un nímọ̀ràn yẹn kò níkà nínú, ó kàn ṣàṣìṣe ni. Bí a bá mọ bí oríkèé ṣe ń ṣiṣẹ́, a ó mọ ibi tí ó ti ṣàṣìṣe.

Eegun 206 ni ó wà lára àgbàlagbà. Ti ọmọ ìkókó ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí púpọ̀ nínú eegun rẹ̀ ni kò tíì lẹ̀ mọ́ra. Bí ó ti ń dàgbà ni wọ́n ń so pọ̀ di ẹyọ kan. Ibi tí eegun méjì bá ti pàdé ni à ń pè ní oríkèé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ sí wáàsí yóò ti gbọ́ hàdíìsì tí ìyá wa Áíṣà gbà wá, tó wà nínú ìwé Ìmáàmù Muslim, nípa oríkèé 360 tó wà lára ọmọ Ádámọ̀. Ẹ óò sì ti gbọ́ òmíràn tó ní oríkèé kọ̀ọ̀kan jẹ gbèsè sàrà ní àràárọ̀, àti pé rákà méjì ìrun wàláhà tó láti san án. Àwọn oníṣègùn ní tiwọn kò ní iye kan ṣoṣo tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí, torí ohun tí ẹnìkan kà sí oríkèé kan, ẹlòmíràn lè kà á sí méjì.

Kì í ṣe gbogbo oríkèé ló ń yí o. Agbárí tí ẹ rò pé ó jẹ́ ẹyọ kan bí igbá yìí, pẹlẹbẹ eegun ni a tò pọ̀, tí ẹnu wọn wọnú ara wọn bí ìgbà tí a fi eyín ayùn kan bọ eyín ayùn kejì. Nígbà tí a bá bí ọmọ, wọn kò tíì pàdé tán. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àwùjẹ tó ń mí sókè sódò lórí ọmọ. Ó sábà máa ń pa dé kí ọmọ tó pé ọdún méjì. Bí ó bá jẹ́ pé orí ti le gbagidi kí a tó bí ọmọ ni, ẹ̀yin ìyá mọ ohun tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ìbá jẹ́. Ti ọ̀pá ẹ̀yìn yàtọ̀ díẹ̀: láàárín eegun kan àti èkejì ni tìmùtìmù kan wà tó le tó sì rọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tẹ̀ ju díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pawọ́ pọ̀, tí ìbàdí sì bá wọn ṣe é, ẹ̀yìn á tẹ́jú ní rúkúù.

Oríkèé kan tún wà níwájú ìbàdí, nísàlẹ̀ ikùn, tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò mọ̀ pé àwọn ní àfi nígbà oyún. Eegun ọ̀tún àti ti òsì pàdé níbẹ̀, okùn tó so wọ́n a sì máa dẹ̀ nígbà oyún kí ọ̀nà lè gba ọmọ. Ó lè dun aboyún gan-an bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí tí ó bá ń yí padà lórí ibùsùn. Ẹ̀yin ọkọ, kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Ẹ fi ìka méjì sí iwájú etí yín, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí ẹ wá la ẹnu kí ẹ sì pa á dé. Oríkèé ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìyẹn, èyí tí a fi ń jẹ iyán tí a sì fi ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ìtàn kan wà lórí eegun àgbọ̀n yìí tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Galen, oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì ìgbà láéláé, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé eegun méjì ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀, tí oríkèé wà láàárín wọn níwájú. Ó tó 1,000 ọdún tí gbogbo ayé fi gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí pé Galen ló sọ ọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1200, ìyàn ńlá mú ní ilẹ̀ Íjíbítì, àwọn ènìyàn kú lọ bẹẹrẹ. Abd al-Latif al-Baghdadi, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí láti Bàgídáàdì, wà ní Káírò nígbà náà. Ó lọ síbi tí òkìtì eegun òkú wà, ó sì yẹ àgbọ̀n tó ju 2,000 lọ wò, kò rí ẹyọ kan tí ó ní oríkèé láàárín. Ó bu ọlá fún Galen, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí ojú rí dájú ju ohun tí Galen sọ lọ. Òótọ́ ló sọ. Ara ọmọ ìkókó nìkan ni ó ti ṣì jẹ́ ìdajì méjì, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi lẹ̀ pọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a dé orí àwọn tó ń yí dáadáa. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń yí kò dọ́gba. Ìgbọ̀nwọ́ dà bí irin tí a fi so ilẹ̀kùn mọ́ ara ògiri: ó ń ṣí, ó ń pa dé, kò mọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ na ọwọ́ yín, ẹ dojú àtẹ́lẹwọ́ kọ òkè bí ẹni tí ń ṣe àdúà, kí ẹ wá dà á bolẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ kò ká, síbẹ̀ ọwọ́ yí. Eegun méjì ló wà nínú apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ọ̀kan a máa gorí èkejì bí ẹsẹ̀ méjì tí a gbé kọ ara wọn. Òun ni ẹ fi ń fún aṣọ tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, òun ni ẹ sì fi ń ro ọkà.

Itan àti èjìká ní tiwọn, odó ni ẹ óò rántí. Orí eegun itan rí róbótó bí orí ọmọ odó, ó jókòó sínú ihò ìdí bí ọmọ odó ti ń jókòó sínú odó, nítorí náà ó lè lọ síwájú, sẹ́yìn, sí ẹ̀gbẹ́, kí ó sì yí po. Odó ti ìdí jìn, ìdí nìyẹn tí ó fi lágbára láti gbé wa. Ti èjìká kò jìn. Ó pẹlẹbẹ bí àwo. Nítorí pé kò jìn, ọwọ́ lè dé ẹ̀yìn láti so ọ̀já, ó lè gòkè láti di irun, ó lè na sí ẹ̀gbẹ́ gbalaja. Nítorí pé kò jìn bákan náà, nínú gbogbo oríkèé ńlá, òun ló máa ń yẹ̀ jù. Ohun tí a fi gba òmìnira ni a fi san án.

Àtàǹpàkò rí bí ẹni jókòó lórí gàárì ẹṣin: ìdí rẹ̀ lè tẹ̀ síwájú sẹ́yìn, ó sì lè tẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì, títí yóò fi kọjú sí gbogbo ìka yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbìyànjú láti bu òkèlè láìlo àtàǹpàkò, ẹ óò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ti ọrùn ni ó yà mí lẹ́nu jù. Eegun àkọ́kọ́ tó wà lábẹ́ orí rí bí òrùka, èkejì sì ní èèkàn kékeré tó nà sókè wọnú òrùka náà. Nígbà tí a bá parí ìrun, tí a ń ṣálámà sí ọ̀tún àti òsì, nǹkan bí ìdajì yíyí náà, níbi òrùka àti èèkàn yẹn ni ó ti ń ṣẹlẹ̀.

Eegun kò lè dá rìn, ẹran ara ló ń fà á. Ẹ jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹran ara kò mọ títì rárá, fífà nìkan ló mọ̀. Nítorí náà méjì méjì ni wọ́n máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbé korobá omi kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì di apá mú lókè: bí ìgbọ̀nwọ́ bá ti ń ká, ẹran iwájú a le, ti ẹ̀yìn a dẹ̀. Bí ẹ bá ti ọwọ́ mọ́ ògiri láti nà án, ti ẹ̀yìn ni yóò le. Ti ìka tún ya ènìyàn lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí inú ìka kò ní ẹran tó ń ká a. Ẹ di apá òsì mú nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ máa ju ìka òsì bí ẹni tí ń ka tẹ̀súbáà, ẹ óò rí i pé apá ni ẹran ti ń mì. Okùn tínínrín tó gba ọrùn ọwọ́ kọjá ni wọ́n fi ń fa ìka, bí ẹni tó dúró lẹ́nu kànga ṣe ń fa korobá tó wà nísàlẹ̀.

Àwọn ọmọ yín yóò bi yín nípa kí a máa fọ́n ìka kí ó máa dún. Ìyá mi a máa pariwo mọ́ wa pé ọwọ́ wa yóò wú tí a bá dàgbà. Ọ̀gbẹ́ni Donald Unger, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ìyá rẹ̀, lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò àwọn òbí rẹ̀ obìnrin, ó tún wá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó ní kí òun dán an wò. Ó ń fọ́n ìka ọwọ́ òsì nìkan, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, fún nǹkan bí 50 ọdún, kò fọ́n ti ọ̀tún. Ní 1998 ó kọ̀wé pé ọwọ́ méjèèjì rí bákan náà, làkúrègbé kò sí ní ìkankan. Ariwo tí à ń gbọ́ kì í ṣe ti eegun, ti afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ni. Ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo kò tó láti fi ṣe ìdájọ́, ẹ̀yin náà mọ̀, ṣùgbọ́n ó wù mí kí ìyá mi gbọ́ ìtàn náà.

Ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé ni ibi tí àwa òbí ti ń ṣe àṣìṣe jù, èmi gan-an sì ti ṣe é. Mo ń mú ọmọ mi ọkùnrin lọ sí ilé kéwú, kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ọkọ̀ ń bọ̀, mo fà á lọ́wọ́ kan sókè lójijì. Ó ké igbe kan, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ṣùgbọ́n kò lo ọwọ́ náà mọ́. Ó kàn fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ó ká díẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, á bú sẹ́kún. Mo rò pé eegun ti ṣẹ́, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan jẹ́ kí dókítà wá, dókítà di ìgbọ̀nwọ́ mú, ó yí ọwọ́ náà, ó ká a, ohun kan dún kékeré, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ọmọ ti na ọwọ́ gba súìtì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé orí ọ̀kan nínú eegun méjì inú apá wà nínú okùn kan tó yí i po bí òrùka. Lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, okùn náà kò tíì le, nítorí náà bí a bá fà á lójijì, á yọ kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan gbé ọmọ kọjá gọ́tà, ẹ má sì ṣe di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ẹ máa fi í ṣe jáńgílófà. Abẹ́ apá méjèèjì ni kí ẹ ki í mọ́lẹ̀. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe gbìyànjú láti dá a padà fúnra yín, torí ó lè jẹ́ pé eegun ti ṣẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń wẹ ọmọ tuntun, ẹ jọ̀wọ́, mo wólẹ̀: fífi òróró ra ọmọ lára dára púpọ̀, ó ń mú ara rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n kí a fi apá kan gbé e rọ̀ kò dára.

Nínú ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe, ọ̀kan wà tí àwọn oníṣègùn ayé ń yìn lónìí, pípọn ọmọ ni. Odó ìdí ọmọ tuntun kò tíì jẹ́ eegun tán, kèrékèré ló pọ̀ níbẹ̀. Bí orí itan bá jókòó sí àárín rẹ̀ dáadáa, odó náà á mọ yí i ká, á sì jìn. Nígbà tí ọmọ bá wà lẹ́yìn ìyá, tí itan rẹ̀ ya sí ọ̀tún àti òsì, tí orúnkún rẹ̀ ká, àárín odó gan-an ni orí itan wà. Àwọn ẹ̀yà tó ń na ẹsẹ̀ ọmọ gbọọrọ tí wọ́n sì ń fi aṣọ wé e pọ̀ pinpin ni ìdí àwọn ọmọ wọn ń yẹ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Jàpáànù nígbà kan: ó ju ọmọ 1 lọ nínú 100 tí ìdí wọn yẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ìyá àti ìyá àgbà jákèjádò ilẹ̀ wọn pé kí wọ́n má ṣe na ẹsẹ̀ ọmọ kí wọ́n tó wé e. Lẹ́yìn ìgbà náà ó wálẹ̀ débi pé kò tó ọmọ 1 nínú 500. Ẹ̀yin abiyamọ wa tí ẹ wà ní ìlú òyìnbó, bí wọ́n bá ń wò yín nítorí ọ̀já, ẹ pọn ọmọ yín.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi orúnkún sẹ́yìn. Ìrun ọ̀ranyàn márùn-ún ọjọ́ kan jẹ́ rákà 17, ìforíkanlẹ̀ sì jẹ́ méjì nínú rákà kọ̀ọ̀kan; 34 nìyẹn, ká má tíì ka nọ́fílà, ká má ka ìkúnlẹ̀ kí àgbà, ká má ka títẹ̀ síbi ẹ̀rọ omi. Orúnkún tirẹ̀ kò ní odó. Ìsàlẹ̀ eegun itan ní orí róbótó méjì, wọ́n sì gbé wọn ka orí eegun ojúgun tó tẹ́jú, bí ẹni gbé ọmọ ọlọ méjì ka orí ọlọ. Kí wọ́n má baà máa yí kiri, kèrékèré méjì wà láàárín wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan rí bí oṣù tuntun tí a máa ń wò lójú ọ̀run kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Okùn líle méjì wà ní ẹ̀gbẹ́, méjì sì kọjá lórí ara wọn nínú. Níwájú ni eegun kékeré tó dà bí ọmọrí wà, tí ẹ lè fi ọwọ́ mì bí ẹ bá na ẹsẹ̀ sílẹ̀ tí ẹ sì dẹ̀ ẹ́. Ti ọmọ kékeré ṣì jẹ́ kèrékèré. Láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà ni ó ń di eegun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé okùn ẹran itan sókè kí agbára fífà rẹ̀ lè pọ̀, gẹ́gẹ́ bí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gbé sẹ́nu kànga.

Nígbà tí a bá dìde dúró gbọnrangandan, ojúgun á yí díẹ̀ síta ní ìparí nínà, orúnkún á sì tì bí àgádágodo. Ìdí nìyẹn tí a fi lè dúró nígbà tí ìmáàmù bá ń ka súrà gígùn, tí ẹran itan kò sì ní tètè rẹ̀. Bí a bá fẹ́ tẹ̀, ẹran kékeré kan lẹ́yìn orúnkún ni yóò kọ́kọ́ ṣí i.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ bàtà. Kèrékèré kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan nínú. Omi tó dà bí funfun ẹyin yẹn ló ń bọ́ ọ. Bí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, omi á fún jáde lára rẹ̀ bí ìgbà tí a fún fóòmù. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ sókè, á fa omi tuntun mu, oúnjẹ á sì bá a wọlé. Bí a kò bá rìn, kò jẹun. Bàtà kì í jẹun, orúnkún ń jẹun, òun ni bàbá tó dá ìyá wa yẹn jókòó kò mọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹran itan tí a kò lò a máa tán lára kíákíá, òun gan-an ló sì ń gbé ìnira kúrò lórí orúnkún.

Làkúrègbé orúnkún tó ń mú àgbàlagbà, obìnrin ló ń mú ju ọkùnrin lọ, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró. Kèrékèré á tẹ́ẹ́rẹ́, á di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ọmọ ọlọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ọlọ. Kì í ṣe àfọwọ́fà ìyàwó ilé, kì í sì í ṣe àsàsí. Ìwọ̀n ara ṣe pàtàkì níbẹ̀: ní 2005, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà rí i pé bí ẹni tó sanra tí orúnkún ń dùn bá fi kílò 1 fọn, nǹkan bí kílò 4 ni ó ń kúrò lórí orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lójoojúmọ́ dára fún un. Oògùn ìrora tí à ń rà lọ́wọ́ kẹ́míìsì tí a ń gbé mì lójoojúmọ́ láìbi dókítà lè dá egbò sí inú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Bí kèrékèré bá sì ti tán pátápátá, a lè pààrọ̀ oríkèé náà; John Charnley ló la ọ̀nà èyí dáadáa fún ti ìdí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1962, a sì ń ṣe é ní Nàìjíríà lónìí, bí àpẹẹrẹ ní ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì, Èkó.

Àwọn ìyá kan ti bi mí bóyá ìrun orí àga kò ní láádá tó. Imran ọmọ Husayn, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, ní àìsàn tí kò jẹ́ kí ó lè dúró, ó bi Ànọ́bì wa léèrè, ìdáhùn tó rí gbà wà nínú ìwé Bukhari: kí ó kírun ní ìdúró, bí kò bá lè dúró kí ó jókòó, bí kò bá lè jókòó kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìyá tí orúnkún rẹ̀ kò gbà, àga ni tirẹ̀, kò sì yẹ kí ọmọdé kankan máa wò ó bí ẹni tó ń ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣì lè dúró kí ó dúró níbi tí ó bá lè dúró dé, kí ó fi àga ṣe ibi tí kò lè ṣe. Orúnkún náà yóò jẹun díẹ̀ nípa bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìrora kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi sílé. Bí oríkèé ọmọ bá wú, tí ó gbóná, tí ibà sì wà lára rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má dúró de ọ̀la, nítorí kòkòrò tó wọ oríkèé a máa ba kèrékèré jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà bá wú lójijì tó ń ké, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún àrùn arọmọléegun. Ẹni tó ní àrùn yẹn tí ìdí ń dùn, tí ó ń tiro, kí ó tètè lọ, torí ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí eegun itan mọ́. Obìnrin tí oríkèé ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń wú, tí wọ́n ń le gan-an láàárọ̀ fún ohun tó ju wákàtí kan lọ, irú làkúrègbé mìíràn nìyẹn, ó ní oògùn tirẹ̀, bí a bá sì tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ó ń dára.

Ìyá àdúgbò wa ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà báyìí, pẹ̀lú ọ̀pá. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ níbi ìtọ́jú ni mo fẹ́ kọ́ yín, ẹ lè ṣe é lẹ́yìn Àlàásárì. Ẹ jókòó lórí àga tó le, kí ẹ̀yìn yín kan àga. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè díẹ̀díẹ̀ títí orúnkún yóò fi nà tán, kí ẹ fa ìka ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín, kí ẹran itan le. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé àárùn-ún, ẹ má ṣe séémí mọ́nú. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó já lulẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá ni. Bí ó bá dùn yín gan-an, ẹ dín gíga rẹ̀ kù, ẹ má fi í sílẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà ó kan ẹsẹ̀ òsì.